COMING SOON Lára Ògiri Múṣin

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Múṣin, ògiri kan kì í wà lófo. Onílé a kọ POST NO BILL gàdàgbà, àwọn tó ń lẹ pósítà a sì lẹ tiwọn lé e lórí. Yorùbá ni orúkọ fíìmù, Yorùbá ni orúkọ òṣèré, ṣùgbọ́n COMING SOON ni wọ́n fi ń mú wa lọ́kàn.

Àwọn ilé sinimá tó ń fi fíìmù Amẹ́ríkà àti Íńdíà hàn, irú Casino ní Yába, ló ti ń lò ó tipẹ́. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde ní 1979, tí àwọn eléré tíátà yòókù náà ń bọ́ sídìí fíìmù, ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ dè wọ́n. Àsìkò Iléyá, Àjíǹde àti Kérésì ni èrò máa ń wọ́ lọ wòran ní Tíátà Ìjọba Àpapọ̀ n'Ígànmú, tí wọ́n ṣí ní 1976. Pósítà gbọ́dọ̀ ti gba ìgboro kí ọdún tó dé.

Ẹ̀rọ aláwọ̀ kan la fi ń tẹ̀ ẹ́. Bébà á kọ́kọ́ gba yẹ́lò, COMING SOON á hàn fírí, ojú ò ní fẹ́ẹ̀ rí i. Tó bá gbẹ, a dá a padà sẹ́nu ẹ̀rọ fún màgẹ́ńtà, lẹ́tà á wá pọ́n fòò. Bí bébà bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, lẹ́tà á ní òjìji. "Réjísítà ò wọlé!" lọ̀gá mi á pariwo, a ó sì dá ẹ̀rọ dúró.

Ayé kásẹ́ẹ̀tì fídíò dé, ìlérí náà kúrò lára ògiri, ó wọnú fíìmù. Ìtàn á dé ibi tó gbóná jù, WATCH OUT FOR PART 2 á yọ. Kásẹ́ẹ̀tì méjì, owó méjì: ohun táwọn oníṣòwò Ìdúmọ̀tà rí nìyẹn. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ tí Túndé Kèlání bẹ̀rẹ̀ ní 1993, apá mẹ́ta ló pé. Àwọn mìíràn ò pé. Ìyá mi kò kàwé, ṣùgbọ́n "Pááàtì Tuù ńkọ́?" ló fi ń kí ẹni tó ń háyà kásẹ́ẹ̀tì fún wa ní Sùúrùlérè. Ó gbà pé gbèsè ni wọ́n jẹ òun, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ dòní.

Lórí YouTube báyìí, LATEST YORUBA MOVIE ló wà níwájú, COMING SOON sì ń tẹ̀ lé e. Ọjọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wá níbẹ̀. Èyí tí kò bá dájọ́, èmi kì í dúró dè é.