Yíyan Káàdì Báńkì Tí Owó Iṣẹ́ Rẹ̀ Kò Pọ̀ fún Ìrìn Àjò sí Òkè Òkun

Ọ̀pọ̀ ará ìpínlẹ̀ yìí ni ó ń rin ìrìn àjò lọ sí ilẹ̀ òkèèrè lọ́dọọdún. Àwọn kan ń lọ kàwé, àwọn kan ń lọ gba ìtọ́jú, àwọn kan ń lọ sí Mẹ́kà tàbí Jerúsálẹ́mù, àwọn mìíràn sì ń lọ wo ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ní Ìlú Ọba tàbí ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn físà àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, ohun tí ó tún gba ìrònú ni ọ̀nà tí arìnrìn-àjò yóò gbà náwó níbi tí ó ń lọ. Owó tí a fi oṣù púpọ̀ kó jọ lè máa jò lọ nítorí owó iṣẹ́ tí báńkì ń yọ. Èyí tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí káàdì kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nígbà tí aláìsàn bá wà níwájú tábìlì ìsanwó ilé ìwòsàn, tí kò sì sí ojúlùmọ̀ kankan nítòsí.

Kókó tí àlàyé yìí dá lé ni pé owó tí a fi gba káàdì kọ́ ni iye tí káàdì náà ń náni. Iye tí ó ń náni gan-an wà nínú iye tí a fi ṣẹ́ owó, àti nínú ohun tí a ń yọ nígbàkúùgbà tí a bá lò ó. Ẹni tí ó bá béèrè nípa méjèèjì kí ó tó kúrò nílé ni yóò mọ káàdì tí ó dára fún òun.

Irú àwọn káàdì tí ó wà

*Káàdì náírà.* Èyí ni káàdì tí ó so mọ́ àkáǹtì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò lójoojúmọ́. Ní ọdún 2022, nígbà tí dọ́là ṣọ̀wọ́n, àwọn báńkì dín ohun tí a lè fi káàdì náírà ná lókè òkun kù sí dọ́là 20 lóṣù, púpọ̀ nínú wọn sì dá a dúró pátápátá lẹ́yìn náà. Ní ọdún 2025, àwọn báńkì kan tún ṣí i sílẹ̀, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ni ó fi òdiwọ̀n tirẹ̀ sí i. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà pé káàdì náírà òun yóò ṣiṣẹ́ nítorí pé ti aládùúgbò rẹ̀ ṣiṣẹ́.

*Káàdì àkáǹtì dọ́là.* Èyí so mọ́ àkáǹtì tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń pè ní domiciliary, níbi tí a ti ń fi dọ́là, pọ́n-ùn tàbí yúrò pamọ́. Ẹni tí ó bá ní dọ́là nínú àkáǹtì yìí kò tún nílò láti ṣẹ́ náírà nígbà tí ó bá ń náwó.

*Káàdì àsansílẹ̀.* Iye tí a bá kó sí i tẹ́lẹ̀ nìkan ni a lè ná. Ó dára fún ẹni tí kò fẹ́ kí owó tí ó pọ̀ wà nínú ewu bí káàdì bá sọnù. Ṣùgbọ́n àwọn kan a máa gba owó nígbà tí a bá ń kó owó sí i, àti nígbà tí a bá fẹ́ gba èyí tí ó ṣẹ́kù padà.

*Káàdì ìyáwó.* Owó báńkì ni a ń ná níbí, tí a ó san padà lẹ́yìn. Bí a bá fi gba owó lórí ẹ̀rọ ATM, èlé sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ náà gan-an. Kò yẹ kí a fi irú káàdì yìí gba owó bí kò bá pọndandan.

Ẹ tún wo àmì tí ó wà lára káàdì yín. Visa àti Mastercard ni ó gbajúmọ̀ jù káàkiri àgbáyé. Verve kò gbilẹ̀ lókè òkun tó wọn. AfriGo, tí a dá sílẹ̀ ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2023, jẹ́ káàdì tí a ṣe fún ìnáwó nílé. Káàdì orí fóònù tí a kò lè fi ọwọ́ mú, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ti wúlò jù, a kì í sì í lè fi gba owó lórí ẹ̀rọ ATM.

Ibi tí owó ti ń jáde

Ẹ̀ka mẹ́rin ni owó iṣẹ́ pín sí.

1. *Ìyàtọ̀ nínú ṣíṣẹ́ owó.* Bí owó tí ẹ ń ná bá yàtọ̀ sí owó inú àkáǹtì yín, a ó ṣẹ́ ọ̀kan sí èkejì. Báńkì lè fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé iye náà.
2. *Owó lórí ìlò kọ̀ọ̀kan.* Èyí jẹ́ iye kan pàtó tí kò yí padà, ìbáà jẹ́ omi ìgò kan ni ẹ rà tàbí aṣọ olówó ńlá.
3. *Owó ẹ̀rọ ATM.* Báńkì yín lè yọ tirẹ̀, kí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ náà sì tún yọ tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, èyí wọ́pọ̀, ẹ̀rọ náà a sì fi iye rẹ̀ hàn kí ó tó san owó. Ẹ lè kọ̀, kí ẹ sì lọ sí òmíràn.
4. *Owó gbígba káàdì àti ìtọ́jú rẹ̀.* Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò nìkan, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni ó sábà máa ń kéré jù.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Owó tí kò jọ ẹni lójú lẹ́ẹ̀kan a máa di ńlá nígbà tí a bá ti lò ó ní ìgbà ọgbọ̀n.

Ìṣirò kan fún àpẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ kí a mú káàdì méjì fún àpẹẹrẹ. Káàdì Kìn-ín-ní ń yọ ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì gba nǹkan mìíràn. Káàdì Kejì ń yọ ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì tún ń gba dọ́là 3 fún ìlò kọ̀ọ̀kan. Arìnrìn-àjò fẹ́ ná dọ́là 500.

- Bí ó bá san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Káàdì Kìn-ín-ní yóò yọ dọ́là 17.50, Káàdì Kejì yóò yọ dọ́là 8.
- Bí ó bá fi ra nǹkan ní ìgbà 25, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ dọ́là 20, Káàdì Kìn-ín-ní yóò ṣì yọ dọ́là 17.50, Káàdì Kejì yóò yọ dọ́là 80.

Káàdì kan náà tí ó dára fún ẹni tí yóò san owó ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ àdánù fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wọ bọ́ọ̀sì lójoojúmọ́. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: irú ìnáwó tí ẹ fẹ́ ṣe ni ẹ ó wò kí ẹ tó mú káàdì.

Owó ìlú tí ẹ wà ni kí ẹ san

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà àti ilé ìtura, ẹ̀rọ ìsanwó lè bi yín bóyá ẹ fẹ́ san owó ìlú náà tàbí owó tí ó wà nínú àkáǹtì yín. Ó lè dà bí ẹni pé ìrànlọ́wọ́ ni, nítorí dọ́là tí ẹ mọ̀ ni ẹ ó rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ẹ̀rọ náà ni yóò fi iye tirẹ̀ ṣẹ́ owó yín, èrè rẹ̀ sì ti wà nínú iye náà. Fún àpẹẹrẹ, ká ní pọ́n-ùn kan jẹ́ dọ́là 1.30. Ọjà pọ́n-ùn 100 yẹ kí ó jẹ́ dọ́là 130. Bí ẹ̀rọ náà bá ní kí ẹ san dọ́là 137, dọ́là 7 ti lọ lórí ìtẹ̀bọ̀tìnnì kan.

Ní London, ẹ yan pọ́n-ùn. Ní Paris, ẹ yan yúrò. Ní Jeddah, ẹ yan riyal. Bí akọ̀wé ìsanwó bá ti yàn án fún yín láìbéèrè, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti ní kí ó fagi lé e, kí ó sì tún un ṣe.

Ẹ wo ibi tí ẹ ń lọ

*Saudi Arabia.* Ìjọba ibẹ̀ ti so riyal mọ́ dọ́là: riyal 3.75 ni dọ́là kan. Ó rọrùn fún àwọn tí ń lọ sí Háàjì àti Ọ́múrà láti yẹ ìṣirò wò. Riyal 375 kò gbọdọ̀ jìnnà sí dọ́là 100 nínú àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, owó iṣẹ́ ni ìyàtọ̀ náà.

*Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò.* Faransé CFA ni wọ́n ń ná, a sì so ó mọ́ yúrò: 655.957 ni yúrò kan. Nítorí pé yúrò àti dọ́là kì í dúró lójú kan, iye CFA tí dọ́là kan yóò mú wá ń yí padà. Owó lọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò inú ọjà ń gbà, nítorí náà káàdì nìkan kò tó.

*Ìlú Ọba.* Ibi púpọ̀ ni káàdì ti ń ṣiṣẹ́, títí kan bọ́ọ̀sì London, tí kì í gba owó lọ́wọ́ rárá. Ẹni tí ó ní àkáǹtì pọ́n-ùn, tí báńkì rẹ̀ sì ń ṣe káàdì fún un, lè bọ́ lọ́wọ́ ìyàtọ̀ ṣíṣẹ́ owó.

Owó ìrìn àjò tí ìjọba fọwọ́ sí

Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fàyè gba arìnrìn-àjò láti ra owó ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́ báńkì rẹ̀. Èyí ni a ń pè ní PTA fún ìrìn àjò ara ẹni, àti BTA fún ti òwò. Òdiwọ̀n tí a ti ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún ni dọ́là 4,000 fún PTA àti dọ́là 5,000 fún BTA láàárín oṣù mẹ́ta. Ìwé ìbéèrè rẹ̀ ni Form A, pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù, tíkẹ́ẹ̀tì àti físà níbi tí a bá ti nílò rẹ̀. Láti oṣù Èrèlé 2024, Báńkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé kí àwọn báńkì má ṣe san owó yìí ní owó lọ́wọ́ mọ́, bí kò ṣe sórí káàdì tàbí nípa ọ̀nà ẹ̀rọ mìíràn. Ìdí nìyí tí yíyan káàdì fi ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó fẹ́ gba PTA.

Ẹni tí ó bá mú owó lọ́wọ́ tí ó ju dọ́là 10,000, tàbí owó mìíràn tí ó tó bẹ́ẹ̀, kọjá ibodè gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ fún Àjọ Aṣọ́bodè, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2022 tí ó de fífọ owó àìtọ́ mọ́ ti wí.

Ìbéèrè tí ẹ ó bi báńkì kí ẹ tó lọ

- Ṣé káàdì yìí yóò ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tí mò ń lọ, nínú ilé ìtajà, lórí ẹ̀rọ ATM àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì?
- Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ ń yọ bí owó ibẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti inú àkáǹtì mi?
- Èló ni ẹ ń gba fún ìlò kọ̀ọ̀kan, èló sì ni fún ẹ̀rọ ATM?
- Èló ni mo lè ná lóòjọ́, lóṣù àti láàárín oṣù mẹ́ta?
- Bí owó bá ṣẹ́kù, èló ni yóò ná mi láti gbà á padà?

Ẹ béèrè èsì náà nínú ìwé tàbí ní ímeèlì, kí ẹ sì fi wé ti báńkì mìíràn.

Ìmúrasílẹ̀ àti ààbò

Ẹ sọ fún báńkì yín nípa orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ àti ọjọ́ tí ẹ ó lò níbẹ̀, kí wọ́n má baà ti káàdì náà nítorí ìfura. Ẹ mú káàdì méjì tí ó wá láti báńkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ má sì fi wọ́n sínú àpò kan náà. Ẹ rí i dájú pé nọ́ńbà fóònù yín yóò máa gba àtẹ̀jíṣẹ́ níbẹ̀, nítorí ìsanwó orí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń béèrè nọ́ńbà OTP tí a fi ránṣẹ́ sí fóònù. Ẹ rántí pé ilé ìtura àti àwọn tí ń yáni ní ọkọ̀ lè dá owó kan dúró nínú àkáǹtì yín fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má ṣe ka owó náà mọ́ èyí tí ẹ ó ná.

Bí káàdì bá sọnù, ẹ pe báńkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí wọ́n tì í. Ẹ ti kọ nọ́ńbà náà sí ibi tí ó yàtọ̀ sí fóònù yín. Ẹ má ṣe sọ PIN tàbí OTP fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ báńkì.

Bí báńkì bá yọ owó tí kò tọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn náà sùn wọ́n, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ojútùú, ẹ lè kọ̀wé sí ẹ̀ka tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, ní cpd@cbn.gov.ng. Ẹ so ẹ̀dà àkọsílẹ̀ àkáǹtì àti àwọn rìsíìtì yín mọ́ ìwé náà. Nítorí ìdí èyí, ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì títí ẹ ó fi padà délé, tí ẹ ó sì fi yẹ àkọsílẹ̀ báńkì wò.