Ayétòrò, ìlú aláàpò kan ṣoṣo

Ní 1947, àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù kan tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí nílẹ̀ Ìlàjẹ kó ẹrù wọn. Wọ́n ti ta ko pípa ìbejì, inú àwọn aláwo kò sì dùn sí i. Orí ẹrẹ̀ etí òkun ni wọ́n tẹ̀dó sí, wọ́n sọ ibẹ̀ ní Ayétòrò.

Kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú níbẹ̀, kò sí ìbò. Ọba tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ogeloyinbo àti àwọn àgbà ìjọ ló ń pàṣẹ. Apẹja tó kó ẹja bọ̀ kò lè tà á kó fowó sápò ara rẹ̀. Àpò ìlú ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀. Ìlú ló ń bọ́ ọ, òun náà ló ń dáṣọ fún un. Síbẹ̀ (èyí ló yani lẹ́nu jù) àwọn onígbàgbọ́ líle yìí kò bẹ̀rù ẹ̀rọ: wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi ńlá, wọ́n ṣe bàtà, wọ́n ṣe búrẹ́dì, iná mànàmáná sì ti ń tàn lórí afárá pákó wọn ní 1953.

Ọ̀rọ̀ yí padà ní 1968. Wọ́n gbà kí oníkálukú máa wá owó tirẹ̀, àṣẹ àwọn àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ báyìí. Oyè Ogeloyinbo ṣì wà, ṣùgbọ́n láti 1996 tí wọ́n ti dá Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ sílẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni Ayétòrò wà, Igbókòdá sì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà.