Ohun tí Kò Yẹ Kó Dé Etí Ọpọlọ

Bí ọwọ́ bá kan irin gbígbóná, ó ti fà sẹ́yìn kí ọpọlọ tó mọ̀ pé nǹkan jó o. Inú ògóóró ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ náà ti parí; ìròyìn lásán ló dé òkè. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó fẹ́ kí ilé iṣẹ́ máa darí ara rẹ̀ bí ẹ̀dá alààyè sábà máa ń fi èyí ṣe ẹ̀rí pé ká pín kọ̀ǹpútà káàkiri. Lójú tèmi, ibi tí kọ̀ǹpútà wà kọ́ ni kókó. Ta ló kọ́kọ́ gbọ́ pé nǹkan ti yapa, àkókò wo ni wọ́n sì fún un láti tún un ṣe?

Lọ́dún 1971, ìjọba Salvador Allende ní orílẹ̀-èdè Chile ké sí Stafford Beer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wo ètò iṣan ìmọ̀lára ènìyàn kó tó pinnu bó ṣe yẹ kí wọ́n máa darí ilé iṣẹ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ Cybersyn ti jáde. Tẹ́lẹ́ẹ̀sì ni àwọn ilé iṣẹ́ fi ń ròyìn iṣẹ́ wọn fún Santiago, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá wo wáyà nìkan yóò ní àárín ni gbogbo agbára wà, àwọn alátakò sì sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tí ètò náà là sílẹ̀ ni pé bí iye kan bá yapa, ilé iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn ni wọn yóò kọ́kọ́ ta lólobó. Wọ́n á dá àkókò fún un. Bí àkókò náà bá kọjá láìsí àtúnṣe, ìgbà yẹn ni ìròyìn á tó gòkè, bí ìrora ṣe ń gòkè. (Ètò tí wọ́n là sílẹ̀ ni mò ń sọ o, ìdìtẹ̀ ológun ọdún 1973 kò jẹ́ ká mọ bí ì bá ti rí.)

Ọdún 1975 ni Honeywell àti Yokogawa gbé ẹ̀rọ ìdarí àpínká jáde, kọ̀ǹpútà sì sún mọ́ ẹ̀rọ tó ń darí. Ìkìlọ̀ kò bá a lọ: yàrá ìdarí kan náà ló ṣì ń ya sí. Ní ilé ìfọ epo rọ̀bì Texaco ní Milford Haven, ní Wales, lọ́jọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1994, àrá da iṣẹ́ rú. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 tó ṣáájú ìbúgbàmù, ìkìlọ̀ 275 rọ́ lu òṣìṣẹ́ méjì. Ènìyàn 26 fara pa.

Ẹnìkan lè ní bí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bá ń dá parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ta ni yóò rí àpapọ̀? Ìbéèrè gidi ni. Epo ń wọ inú àgbá kan ní Milford Haven, ọ̀nà àbájáde rẹ̀ ti dí, kọ̀ǹpútà sì ń sọ pé fáàfù rẹ̀ ṣí. Kí èèyàn fi ohun tó ń wọlé wé ohun tó ń jáde ni ì bá tú àṣírí yẹn. Iṣẹ́ ọpọlọ gan-an ni, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ méjì yẹn ń pa lẹ́nu mọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sí àwòrán àpapọ̀ kankan níwájú wọn.