Nígbà tí Iyè Ojú-mi-ló-ṣe Bá Rá: Ìgbàgbé àti Asọ̀tàn Tí Kò Ṣeé Gbára Lé Nínú Fíìmù

Apàlọ́ ilẹ̀ wa kì í kúrò lórí ìjókòó láìbúra. Bó bá dé ìdí àlọ́ rẹ̀, agogo ẹnu rẹ̀ ni yóò fi ṣe ẹ̀rí: bó bá purọ́, kí agogo náà má ró, bí kò bá purọ́, kó ró lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó sì máa ń ró. Àwọn ọmọ tó jókòó yí i ká mọ̀ pé ìjàpá kì í fọhùn, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ dìde kí agogo tó ró. Ìbúra náà fi hàn pé ìtàn ní olówó rẹ̀, ẹnu tó pa á ni yóò jẹ́jọ́ rẹ̀. Fíìmù kò ní ẹnu tó lè fi búra bẹ́ẹ̀. Ojú ló ní, ojú la sì ń gbà gbọ́ ju ẹnu lọ.

Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ Yorùbá ti fún wa ní orúkọ méjì tó wúlò fún iṣẹ́ yìí. Asọ̀tàn arínúróde mọ ohun gbogbo, títí kan èyí tó wà nínú ikùn ẹ̀dá-ìtàn. Asọ̀tàn ojú-mi-ló-ṣe ń sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ níṣojú rẹ̀. Ní 1961, nínú ìwé The Rhetoric of Fiction, Wayne Booth ti Amẹ́ríkà sọ asọ̀tàn kan lórúkọ tí òǹkàwé kò gbọdọ̀ fọkàn tán. Ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo yẹn kó èèyàn mẹ́ta pọ̀ tí Yorùbá kì í kó pọ̀: òpùrọ́, ẹni tí iyè rẹ̀ rá, àti ẹni tó ń tan ara rẹ̀ jẹ. Òpùrọ́ mọ òótọ́, ó kàn fi í pamọ́ ni. Ẹni tí iyè rẹ̀ rá kò ní òótọ́ lọ́wọ́ mọ́. Ẹni kẹta ló ṣòro jù, nítorí òun náà ló fi òótọ́ pamọ́, òun náà ló tún ń wá a kiri. Àwọn fíìmù tí a fẹ́ yẹ̀ wò kún fún ẹni kẹta yìí. Èrò mi ni pé èyí tó dára jù nínú wọn máa ń mú kí iyè òǹwòran fúnra rẹ̀ rá. Èyí tó kàn di àṣírí mọ́wọ́ dé ìparí kò tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ dán an wò

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní Jámánì, ní 1920, nígbà tí fíìmù kò tíì ní ohùn, Robert Wiene gbé The Cabinet of Dr. Caligari jáde, Hans Janowitz àti Carl Mayer ló kọ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Francis, jókòó nínú ọgbà, ó ń ròyìn fún àgbàlagbà kan bí dókítà kan ṣe ń rán ẹni tó ń rìn lójú oorun lọ pa èèyàn lóru. Ilé inú ìròyìn rẹ̀ wọ́, fèrèsé dàgẹ̀rẹ̀, òjìji gan-an, ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún. Ìparí ló tú u fó: ilé ìwòsàn alárùn ọpọlọ ni Francis ń gbé, ọ̀gá ibẹ̀ ló sì ń pè ní apànìyàn. Siegfried Kracauer, alárìíwísí fíìmù ará Jámánì, bu ẹnu àtẹ́ lu ìparí yìí nínú ìwé tó kọ ní 1947. Lójú tirẹ̀, ìtàn tó yẹ kó tú àṣírí aláṣẹ ìkà ti di ọ̀rọ̀ ẹnu wèrè lásán. Ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún ìparí náà wò dáadáa. Ìròyìn Francis ti tán, a ti padà sójú ayé, síbẹ̀ àgbàlá ilé ìwòsàn náà ṣì rí bó ṣe rí nínú ìròyìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ orí Francis ló ń wọ́ àwọn ògiri wọ̀nyẹn, ta ló ń wọ́ wọn báyìí?

Alfred Hitchcock ṣe èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ nínú Stage Fright (1950). Ọkùnrin kan ń sá fún ọlọ́pàá, ó ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọmọbìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀, kámẹ́rà sì ń fi gbogbo rẹ̀ hàn wá bí ẹni pé a wà níbẹ̀. Irọ́ ni kókó rẹ̀. Èyí bí ọ̀pọ̀ òǹwòran nínú, Hitchcock alára sì gbà fún François Truffaut, olùdarí fíìmù ará Faransé, lẹ́yìn náà pé kò yẹ kí òun ṣe é. Ẹ kíyè sí ohun tó bí wọn nínú. Bí ọkùnrin náà bá jókòó sínú ọkọ̀, tó fi ẹnu nìkan parọ́ yẹn, kò sí ẹni tí yóò janpata. Àwòrán ló dẹ́ṣẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni Akira Kurosawa ṣe Rashomon ní Japan, èyí tó gba ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà níbi àjọ̀dún fíìmù Venice ní 1951. A pa jagunjagun kan nínú igbó. Ọlọ́ṣà ròyìn, ìyàwó òkú ròyìn, òkú gba ẹnu abókùúsọ̀rọ̀ ròyìn, agégi tó rí wọn náà ròyìn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bára mu. Ọlọ́ṣà ní òun ló pa á lójú ìjà. Ìyàwó ní ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ òun kí òun tó dákú, òun sì jí bá a láyà ọkọ òun. Òkú ní òun ló pa ara òun. Kò sí ẹni tó ń ti ikú náà sọ́rùn ẹlòmíràn nínú àwọn mẹ́ta yìí! Oríkì ara wọn ni wọ́n ń kì. Agégi tí kò ní oríkì kankan láti kì ló ń fi ọ̀bẹ tó jí gbé pamọ́. Iyè gbogbo wọn pé, nítorí náà Rashomon kì í ṣe fíìmù ìgbàgbé, ṣùgbọ́n òun ló kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé àwòrán lè jẹ́ ti ẹnì kan, kó má jẹ́ ti gbogbo ayé. Nílé níbí, Kunle Afolayan tọ ọ̀nà tó fara pẹ́ ẹ nínú The Figurine: Araromire (2009), tí wọ́n fi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Agùnbánirọ̀ rí ère nínú igbó, ọdún méje oríire tẹ̀lé e, ọdún méje òfò tẹ̀lé ìyẹn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ já, a rí ọwọ́ èèyàn nínú òfò náà, ṣùgbọ́n fíìmù kò dá ère láre. Ó bi òǹwòran léèrè ohun tó gbà gbọ́, ó sì dákẹ́.

Ìgbàgbé sinimá àti ìgbàgbé ọpọlọ

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, irú ìgbàgbé kan ṣoṣo ni sinimá mọ̀. Nínú Spellbound (1945), Hitchcock yìí kan náà ló darí rẹ̀, Gregory Peck kò mọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì rò pé òun ti pa dókítà kan. Ingrid Bergman, dókítà ọkàn, bá a tú àlá rẹ̀ palẹ̀ (Salvador Dalí, ayàwòrán nì, ló ṣètò bí àlá náà ṣe rí), ikú arákùnrin rẹ̀ nígbà èwe padà sí i lọ́kàn, iyè sì sọ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni fi kọ́kọ́rọ́ ṣí àpótí. Ó dùn ún wò. Kò rí bẹ́ẹ̀ nílé ìwòsàn.

Ní 1953, ní Hartford ní Amẹ́ríkà, oníṣẹ́ abẹ William Scoville ṣiṣẹ́ abẹ fún Henry Molaison, ẹni ọdún 27 tí wárápá ń dà láàmú. Ó yọ apá kan nínú ọpọlọ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, pẹ̀lú èyí tó pọ̀ nínú ibi tí wọ́n ń pè ní hippocampus. Wárápá náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, ohun tuntun kò dúró lórí iyè rẹ̀ mọ́. Ó mọ orúkọ ara rẹ̀, ó rántí ìgbà èwe rẹ̀. Ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ tán, tó jáde, tó tún wọlé, àlejò tuntun ni lójú rẹ̀. Brenda Milner, onímọ̀ ẹ̀dá ọkàn, ní kó máa fi pẹ́ńsùlù tọ ẹsẹ̀ àwòrán ìràwọ̀ kan nígbà tó jẹ́ inú dígí nìkan ló ti lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ọwọ́ Molaison ń mọ̀ ọ́n ṣe sí i. Ojoojúmọ́ ló sì ń sọ pé òun kò ṣe irú rẹ̀ rí. Iyè ọwọ́ yàtọ̀ sí iyè orí. Títí tó fi kú ní 2008, lẹ́tà H.M. nìkan ni ayé fi mọ̀ ọ́n nínú àwọn ìwé ìwádìí.

Nígbà tí Sallie Baxendale, onímọ̀ nípa ọpọlọ àti iyè, gbé fíìmù ìgbàgbé yẹ̀ wò nínú British Medical Journal ní 2004, ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn ló ṣe òdìkejì èyí: ẹ̀dá inú fíìmù gbàgbé orúkọ ara rẹ̀, síbẹ̀ ó ń rántí gbogbo ohun tuntun, tí nǹkan bá sì gbá a lórí lẹ́ẹ̀kejì, ara dá. Ó yọ àwọn díẹ̀ sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni ẹja inú Finding Nemo, eré àwọn ọmọdé. Òmíràn ni Memento.

Ẹni tó kọ̀wé tan ara rẹ̀

Memento (2000) ni Christopher Nolan ṣe láti inú ìtàn kan tí àbúrò rẹ̀, Jonathan, sọ fún un nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń wakọ̀ láti Chicago lọ sí Los Angeles. Leonard (Guy Pearce) ń wá ẹni tó pa ìyàwó rẹ̀. Láti òru tí wọ́n kọlu àwọn méjèèjì, ohun tuntun kò dúró lórí iyè rẹ̀. Nítorí náà ó ń ya fọ́tò, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn fọ́tò, èyí tó bá ṣe kókó jù ló ń fín sára. Awọ ara rẹ̀ ni ìwé rẹ̀.

Ọgbọ́n fíìmù náà wà nínú bí wọ́n ṣe tò ó. Àwọn ìran aláwọ̀ ń lọ sẹ́yìn: ìparí ni a kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà èyí tó ṣáájú rẹ̀. Àwọn ìran dúdú-òun-funfun ń lọ síwájú, wọ́n sì há sáàárín wọn, títí méjèèjì fi pàdé lójú fọ́tò kan tó ń hàn díẹ̀díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìran kọ̀ọ̀kan, Leonard kò mọ bó ṣe dé ibẹ̀. Àwa náà kò mọ̀ ọ́n. Ó rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, kò mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ ni tàbí ọ̀tá. Ojú wa náà ń ṣe wàì. Ẹnikẹ́ni kò fi ẹnu sọ bí ìgbàgbé ṣe rí fún wa. Wọ́n kó o ràn wá.

Inú fíìmù náà ni ìtàn Sammy Jankis wà, èyí tí Leonard ń sọ láìsinmi. Nígbà tí Leonard ń bá ilé iṣẹ́ abánigbófò ṣiṣẹ́, òun ni wọ́n rán láti wádìí bóyá òótọ́ ni àìsàn Sammy. Ìdánwò tí wọ́n ṣe fún Sammy bá ohun tí a mọ̀ nípa Molaison lọ: ó yẹ kí ọwọ́ kọ́ ohun tí orí kò lè rántí. Ọwọ́ Sammy kò kọ́ ọ, Leonard sì fi ìyẹn sọ pé kì í ṣe ọpọlọ ló bàjẹ́, wọn kò sì san kọ́bọ̀. Nolan mọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ náà dáadáa débi tó fi lè sọ ọ́ di àìṣòdodo. Níkẹyìn, ẹnì kan wá sọ fún Leonard pé ìtàn ara rẹ̀ ló ń fi orúkọ Sammy sọ.

Ibi tí ara mi ti máa ń ṣe gìrì ni ìparí, tó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí a bá tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Leonard gbọ́ òótọ́, òótọ́ náà kò tù ú lára. Ó mọ̀ pé láìpẹ́ òun yóò gbàgbé. Ó wá kọ nọ́ńbà ọkọ̀ ẹni tó sọ òótọ́ náà fún un sílẹ̀, kó lè fín in sára gẹ́gẹ́ bí àmì apànìyàn tó ń wá. Ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, òpùrọ́ ni. Kó tó wakọ̀ dé ibi tó ń lọ, ó ti di olóòótọ́ tó ń tẹ̀lé ẹ̀rí. A ti máa ń rò pé ìwé ni oògùn ìgbàgbé. Memento béèrè ẹni tó kọ ìwé náà, àti ohun tó ń wá nígbà tó ń kọ ọ́.

A. R. Murugadoss mú fínfín ara àti fọ́tò wọ̀nyí lọ sí Íńdíà nínú Ghajini, lédè Tamil ní 2005 àti lédè Hindi ní 2008. Ìfẹ́, orin àti ìjà pọ̀ níbẹ̀, mo sì gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn àtẹ̀yìnwá inú rẹ̀ ṣeé gbára lé látòkèdélẹ̀: ẹ̀dá-ìtàn nìkan ló gbàgbé, òǹwòran kò gbàgbé ohunkóhun.

Ife tí kò sí lọ́wọ́

Nínú Shutter Island (2010) tí Martin Scorsese ṣe láti inú ìwé Dennis Lehane, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan wọ erékùṣù kan lẹ́bàá Boston ní 1954 láti wá obìnrin tó sọnù nílé ìwòsàn alárùn ọpọlọ. Ìparí rẹ̀ jọ ti Caligari: aláìsàn ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà, òun ló pa ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn tí ìyẹn ti ri àwọn ọmọ wọn mẹ́ta sínú omi. Àbùdá yìí ti sú mi díẹ̀, nítorí wákàtí méjì ni a fi ń dúró de kọ́kọ́rọ́ kan. Ṣùgbọ́n ìran kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbójú fò. Aláìsàn obìnrin kan tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń bi léèrè ọ̀rọ̀ béèrè omi. Ó gbé ọwọ́ sẹ́nu, ó mu ún. Kò sí ife lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a rí ife gidi tó ń gbé kalẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo wò ó, mo rí ife náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mi ò bá ti búra sí i.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ọkàn Elizabeth Loftus àti John Palmer ti fi irú ìrántí ohun tí kò sí yìí hàn ní 1974. Wọ́n fi fíìmù ìjàm̀bá ọkọ̀ han 150 akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n bi ìdá kan nínú wọn bí àwọn ọkọ̀ náà ṣe ń sáré tó nígbà tí wọ́n fọ́ ara wọn yángá. Wọ́n bi ìdá kejì bí wọ́n ṣe ń sáré tó nígbà tí wọ́n gbá ara wọn. Wọn kò bi ìdá kẹta ní ohunkóhun nípa eré. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n béèrè bóyá wọ́n rí dígí fífọ́. Èèyàn 16 nínú 50 tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó le sọ pé àwọn rí i, 7 nínú àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó rọ̀, 6 nínú àwọn tí a kò bi. Dígí kankan kò fọ́ nínú fíìmù náà. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo ló fọ́ ọ.

Ilé tí kò dúró lójú kan

Florian Zeller kò fi ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kankan sínú The Father (2020), tó ṣe láti inú eré orí ìtàgé tó kọ fúnra rẹ̀. Anthony Hopkins ni bàbá arúgbó tí iyè rẹ̀ ń rá. Ó gba Oscar nítorí rẹ̀ lẹ́ni ọdún 83. Kò sí ìpànìyàn níbẹ̀, síbẹ̀ àyà mi já ju bó ṣe já nínú gbogbo àwọn tó kù. Bàbá wọ yàrá ìgbàlejò, àga ti yí ipò. Ògiri ilé ìdáná kò rí bíi ti àárọ̀ mọ́. Obìnrin kan wọlé, ó ní òun ni ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òṣèré mìíràn ló ń ṣe é. Olivia Colman la ti mọ̀ sí ọmọ náà, Olivia Williams ló wà níwájú wa. A gbójú lé ilé náà láti mọ ibi tí a wà, ilé náà sì já wa kulẹ̀. Kò sí ìran kan tó bọ́ sójú ìtàn láti wí fún wa pé ẹ máa wò ó, ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Bàbá sọ pé wọ́n jí aago òun, a bá a wá a.

Ní ìran tó kẹ́yìn, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ń pe ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì kan gbé orí rẹ̀ lé èjìká. Ó ní ó dà bí ẹni pé gbogbo ewé òun ló ń rẹ̀ dànù. Kámẹ́rà wá fi àwọn méjèèjì sílẹ̀, ó lọ sójú fèrèsé. Igi pọ̀ níta, ewé wọn tutù yọ̀yọ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ wọn.