Bí Kíbọ́ọ̀dù Ṣe Kọ́ Èdè Kan Ṣoṣo, àti Ohun Tó Kù Kí Ìlọrin Kọ́ Ọ

Ní Ìlọrin lónìí, ó ṣọ̀wọ́n kí a rí òde ìyàwó, ìsìn ìjọ tàbí ilé ìgbohùnsílẹ̀ tí kò ní kíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ yóò so wáyà kan mọ́ kọ̀ǹpútà, ohùn fèrè, gòjé àti ìlù yóò sì máa jáde láti inú ẹ̀rọ tí kò ní igi, tí kò ní awọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohùn ni wáyà náà ń gbé. Àṣẹ lásán ló ń gbé, ìtàn bí àṣẹ náà ṣe di èdè gbogbo ayé sì yẹ ní mímọ̀.

Kí ọdún 1983 tó dé, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tirẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe ní Japan kò gbọ́ ohun tí ti Amẹ́ríkà ń sọ. Akọrin tó bá ní méjì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ ọ̀kan, kí ó fi ọwọ́ òsì tẹ èkejì. Ilẹ̀ Nàìjíríà kò sì gbẹ́yìn nínú lílo àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Ní Enugu, William Onyeabor ti ń fi synthesizer ṣe àwo orin láti ìparí àwọn ọdún 1970. Ní ọdún 1983 gan-an, King Sunny Adé gbé àwo Synchro System jáde, ohùn ẹ̀rọ sì dàpọ̀ mọ́ gángan àti gìtá nínú rẹ̀.

Ọkùnrin méjì ló ṣáájú àwọn tó wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ náà: Ikutaro Kakehashi, olùdásílẹ̀ Roland ní Japan, àti Dave Smith ti Sequential Circuits ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1981, Smith gbé àbá kan síwájú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn ní New York pé kí gbogbo ilé-iṣẹ́ lo èdè kan náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, níbi ìpàtẹ ohun èlò orin ní Anaheim, ìpínlẹ̀ California, wọ́n so Prophet-600 ti Sequential mọ́ Jupiter-6 ti Roland. Wọ́n tẹ ọ̀kan, èkejì sì dáhùn. MIDI ni orúkọ èdè náà. Àwọn tó ṣe é kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ lò ó. Àwọn tó ń bá ara wọn du ọjà ló pawọ́ pọ̀ ṣe èyí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní ọdún 2013, wọ́n fi ẹ̀bùn Grammy fún iṣẹ́ ẹ̀rọ dá àwọn méjèèjì lọ́lá.

Bí èdè náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Nígbà tí ìka bá tẹ bọ́tìnnì, kíbọ́ọ̀dù yóò rán nọ́mbà sí ẹ̀rọ kejì: èwo ni a tẹ̀, báwo ni agbára ìka ṣe tó, ìgbà wo ni a sì gbé ìka kúrò. Láti 0 dé 127 ni nọ́mbà ohùn; 60 ni ti C tó wà láàárín dùùrù. Ikànnì 16 ló wà lórí wáyà kan, kí àṣẹ fèrè má baà dàrú mọ́ ti ìlù. Ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù ní ojú ihò tí wọ́n kọ OUT sí, ibẹ̀ ni àṣẹ ń gbà jáde. IN ni ó ń gbà wọlé. THRU ń ta àtaré ohun tó wọlé sí ẹ̀rọ kẹta. OUT ti ọ̀kan ni a ń so mọ́ IN ti èkejì. Ẹni tó bá so OUT mọ́ OUT, ẹnu méjì ló kọjú síra, etí kankan kò sí níbẹ̀.

Ní ọdún 1985, kọ̀ǹpútà Atari ST jáde pẹ̀lú ojú ihò MIDI lára rẹ̀. Ní ọdún 1997, àwọn ará Belgium gbé FruityLoops jáde, èyí tí a mọ̀ sí FL Studio báyìí. Nígbà tó di ọdún 1999, ìlànà wà fún gbígba MIDI kọjá nínú wáyà USB. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ́ kan nínú yàrá kan lè ṣe iṣẹ́ tí ó ń béèrè ènìyàn mẹ́wàá tẹ́lẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan Ìlọrin. Ìlú dadakúàdà ni, ìlú Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú àti Jáígbadé Àlàó, níbi tí ọ̀rọ̀ ti jẹ́ ọba nínú orin. Ìlù wa ń sọ̀rọ̀ nítorí pé èdè wa ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Igbá kì í ṣe ìgbà, ìgbà kì í sì í ṣe igba. Lórí kíbọ́ọ̀dù, ààlà wà láàárín bọ́tìnnì kan àti èkejì. Onígángan tó fún ọṣán ìlù mọ́ra lè mú ohùn yọ́ gòkè láti ìsàlẹ̀, bí ẹnu ṣe ń ṣe nígbà tí a bá pe “ọ̀rẹ́”. MIDI ní àṣẹ fún kẹ̀kẹ́ kékeré ẹ̀gbẹ́ kíbọ́ọ̀dù tí ń fa ohùn sókè sódò, ṣùgbọ́n gbogbo ohùn tó wà lórí ikànnì kan náà ló ń fà pọ̀. Bí ìyáàlù bá fẹ́ gòkè tí omele fẹ́ dúró, àfi kí a fún oníkálukú ní ikànnì tirẹ̀. Àtúnṣe dé ní ọdún 2018 pẹ̀lú ìlànà MPE, àti ní ọdún 2020 pẹ̀lú MIDI 2.0, tó jẹ́ kí ohùn kọ̀ọ̀kan lè yí lọ́tọ̀.

Ẹ̀rọ ti wá ṣe tán, ẹni tí yóò kọ́ ọ ni ó kù. Ìlù tí ilé-iṣẹ́ òkèèrè dì sínú kíbọ́ọ̀dù kò mọ oríkì, bí a bá sì jẹ́ kí ó máa lù nìkan, àwọn ọmọ wa yóò dàgbà mọ ìlù tó ń dún láìmọ èyí tó ń sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí àwọn onílù Ìlọrin, àwọn ọ̀dọ́ onílé ìgbohùnsílẹ̀ àti Yunifásítì Ìlọrin jókòó pọ̀, kí wọ́n gba ohùn ìlù wa sílẹ̀ ní ìpele gbogbo, kí wọ́n sì san owó onílù fún un. Ohun tí a kò bá rán wáyà, wáyà kì í jẹ́ ẹ.