Ìlà Pupa Ojú Òṣùwọ̀n

Aago mẹ́ta òru ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 24 oṣù Kejì, 2022. Iná ti lọ ní Àdánkólò, ní Lọ́kọ́jà, láti alẹ́ àná. Àbúrò ìyá mi fi fóònù rẹ̀ ti ara ògiri kí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lè tàn sórí tábìlì. Ó ń gé fúláwà tí wọ́n ti pò, ó ń gbé e lé òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Òṣùwọ̀n náà ti gbó. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n kí ó tó dúró. Lójú gíláàsì rẹ̀, níbi tí gíráàmù 700 wà, ó ti fi ọ̀dà èékánná fa ìlà pupa kan. Bí abẹ́rẹ́ bá kan ìlà, ó jù ú sínú agolo. Bí kò bá kàn án, ó bu díẹ̀ kún un. Kì í wo nọ́ńbà. Ìlà ló ń wò.

Ohun gbogbo tó jẹ́ ti ilé búrẹ́dì yìí, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ìwé tó ń kọ ọjà rẹ̀ sí wà níwájú mi.

Aago 3:30. Ní New York, alẹ́ Ọjọ́rú ni, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ìgbìmọ̀ Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń ṣe ìpàdé pàjáwìrì. Rọ́ṣíà ni alága ìgbìmọ̀ náà ní oṣù yìí, aṣojú rẹ̀ ló sì ń darí ìjókòó. Gana, Gàbọ́ọ̀nù àti Kẹ́ńyà wà lára àwọn tó jókòó yí tábìlì ká. António Guterres, akọ̀wé àgbà, dárúkọ Putin ní tààrà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dá àwọn ọmọ ogun rẹ̀ dúró. Aṣojú kan sọ̀rọ̀ tán, òmíràn gbà á. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ogun náà bí ohun tí a ṣì lè dí lọ́nà.

Aago mẹ́rin kù díẹ̀. Ní Mọ́skò, aago mẹ́fà ló kù díẹ̀ kó lù. Vladimir Putin jáde lórí tẹlifíṣàn. Ó ní òun ti pàṣẹ iṣẹ́ ológun àkànṣe kan ní Ukréìn. Kò pe orúkọ rẹ̀ ní ogun. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ìbúgbàù bẹ̀rẹ̀ ní Kyiv, ó bẹ̀rẹ̀ ní Kharkiv. Ìròyìn náà bá àwọn tó wà ní New York lórí ìjókòó. Aṣojú Ukréìn yí sí alága, ó ní kí ó fi ipò náà sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀.

Ní Lọ́kọ́jà, agolo àkọ́kọ́ wọ inú ààrò. Igi ni wọ́n fi ń dá a. Ọmọkùnrin tó ń kó igi ti èéfín kúrò lójú, ó fi irin gun ẹ̀yìnná. Ẹ̀rọ amúnáwá ń dún ní ẹ̀yìnkùlé, nítorí fúláwà tó kù ṣì wà nínú ẹ̀rọ tó ń pò ó. Ọmọkùnrin náà ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú kẹ́ẹ̀gì dísẹ́ẹ̀lì, ó yọ ọ́, ó wo ibi tó rin dé. Ìka mẹ́rin.

Aago 5:20. Búrẹ́dì àkọ́kọ́ jáde. Ó wú kọjá etí agolo, orí rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀pà tí a yan. Àbúrò ìyá mi fi ẹ̀yìn ìka kàn án. Ó gbá agolo mọ́ tábìlì lẹ́ẹ̀kan, búrẹ́dì bọ́ sílẹ̀.

Aago 6:30. Àwọn tó ń kiri ti dé pẹ̀lú abọ́ wọn. Mẹ́kúnnù ni gbogbo wọn, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ń ka búrẹ́dì méjìméjì. Ẹ̀ṣọ́ ilé kejì ti tan rédíò Hausa rẹ̀. Àbúrò ìyá mi gbọ́ Hausa dáadáa, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Lọ́kọ́jà. Ó gbọ́ “yaƙi”, ogun. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó rò pé Borno ni. Ó ń ṣírò owó nígbà náà, kò sì béèrè.

Aago méje kù díẹ̀. Aládùúgbò kan tó máa ń ra búrẹ́dì kan láràárọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. N ò ní mú búrẹ́dì lónìí.”

“Ṣé kò sí?”

Obìnrin náà na fóònù sí i. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Kharkiv. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló lọ síbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n, nítorí owó ilé ìwé wọn kò wọ́n púpọ̀, wọn kì í sì í dáṣẹ́ sílẹ̀. Nílé níbí, àwọn olùkọ́ yunifásítì ti wà lẹ́nu ìdáṣẹ́sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù yìí kan náà. Ohun tó wà lójú fóònù kò ju ìlà ọ̀rọ̀ kan lọ: “Ọmọ mi, níbo lo wà?” Aago 5:12 ló fi ránṣẹ́. Àmì kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ rẹ̀, aláwọ̀ eérú. Méjì ló yẹ kó jẹ́ bó bá ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Àbúrò ìyá mi kò mọ ohun tí ó máa sọ. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. Ó dá fóònù padà fún un.

Aago mẹ́jọ. Ọjà ìpín ìdókòwò ṣí ní Mọ́skò lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a dúró díẹ̀ ní àárọ̀. Ó já lulẹ̀. Nígbà kan lọ́jọ́ náà, iye rẹ̀ dín ní ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n tì í, ìdá 33 ti lọ. Owó rúbù kò tíì já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Epo rọ̀bì Brent kọjá dọ́là 100 fún àgbá kan, ìgbà àkọ́kọ́ láti 2014, ó sì ń lọ sí 105. Àwọn kan ní Àbújá lè rò pé ayọ̀ ni. Nàìjíríà ń ta epo rọ̀bì. Ṣùgbọ́n nígbà náà, òkè òkun ni a ti ń ra epo tí a ti fọ̀ padà. Nínú oṣù yìí gan-an ni ìròyìn jáde pé wọ́n ti gbé epo tí methanol pọ̀ nínú rẹ̀ wọlé, tí ọ̀wọ́n-gógó fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Lọ́kọ́jà kí oòrùn tó gòkè.

Aago mẹ́wàá kọjá. Ọmọkùnrin onígi gbé kẹ́ẹ̀gì méjì lọ ra dísẹ́ẹ̀lì. Ní àkókò yẹn, ọ̀wọ́ hẹlikópítà Rọ́ṣíà ń fò nísàlẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfuurufú Hostomel, nítòsí Kyiv. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú akẹ́rù tó tóbi jù láyé wà, tí wọ́n ń pè ní Mriya. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ló pa á run.

Ọmọkùnrin náà padà dé láago mọ́kànlá kọjá. Kẹ́ẹ̀gì kan kún. Èkejì dé ìdajì. Ó ní owó tí wọ́n fún òun kò tó méjì mọ́.

Aago kan ọ̀sán. Ní oṣù Kejì, aago Brussels àti ti Lọ́kọ́jà kò yàtọ̀. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní ìlà-oòrùn Yúróòpù, Pólàǹdì àti Rùmáníà nínú wọn, ti lo ẹ̀tọ́ wọn lábẹ́ òfin kẹrin NATO láti pe ìjíròrò. Jens Stoltenberg, akọ̀wé àgbà NATO nígbà náà, bọ́ síwájú àwọn oníròyìn. Ó ní ọkọ̀ òfuurufú ogun tó lé ní 100 wà ní ìmúrasílẹ̀, ọkọ̀ ojú omi tó lé ní 120 sì wà lórí òkun. Wọ́n bi í nípa Ukréìn. Ó ní NATO kò ní ọmọ ogun kankan níbẹ̀, kò sì ní èrò láti rán ẹnikẹ́ni.

Aago méjì ọ̀sán. Ooru Lọ́kọ́jà ní oṣù Kejì kì í jẹ́ kí èèyàn sùn nínú ilé. Omi ti fà sẹ́yìn níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, iyanrìn ti yọ láàárín. Àbúrò ìyá mi dùbúlẹ̀ sórí àpò fúláwà nínú yàrá ìkẹ́rùsí, nítorí ibẹ̀ ló tutù díẹ̀. Àpò mẹ́fà ló kù, oníkílò 50. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó lọ̀ ọ́ wà lára àpò. Kò sí ohun tó sọ oko tí ó ti wá.

Èmi mọ̀ ọ́n báyìí. Kano, Jígáwá, Kebbi àti Borno ń gbin àlìkámà, ṣùgbọ́n ìba díẹ̀ ni nínú èyí tí Nàìjíríà ń jẹ. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ìyókù wá. Bí a bá kó gbogbo àlìkámà tí orílẹ̀-èdè ń tà fún orílẹ̀-èdè jọ, Rọ́ṣíà àti Ukréìn ló ń mú nǹkan bí ìdá 30 wá nínú ọgọ́rùn-ún nígbà náà. Lọ́sàn-án yẹn, Ukréìn ti àwọn èbúté rẹ̀. Rọ́ṣíà dá ọkọ̀ oníṣòwò dúró lórí Òkun Azov. Ọkà tó ti wà nínú ọkọ̀ kò lè jáde. Ní Chicago, níbi tí wọ́n ti ń dá owó lé àlìkámà fún gbogbo ayé, iye rẹ̀ gòkè títí dé ibi tí òfin ọjà kò ti gbà kí ó tún gòkè mọ́ lọ́jọ́ kan. Kò tíì wọ́n tó bẹ́ẹ̀ láti 2012.

Àbúrò ìyá mi sùn fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Nígbà tó jí, fúláwà ti fi àmì sí apá rẹ̀.

Aago 5:10 ìrọ̀lẹ́. Ó pe alágbàtà fúláwà, ó ní kí ó kó àpò mẹ́wàá wá.

“Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lọ́la.”

“Owó wà lọ́wọ́ mi o.”

“Mo mọ̀, Màmá. Lágọ̀ọ́s ló ní kí n má tíì tà.”

Ó rò pé epo ló fà á, pé ọkọ̀ kò rí epo rà. Ó ṣí ìwé rẹ̀. Ó kọ “Fúláwà”, ó fa ìlà kékeré sí iwájú rẹ̀, ó kọ “ọ̀la”. Mo rí ìkọ̀wé náà. Bírò rẹ̀ kò yọ dáadáa níbi “ọ̀la”, ó tún un kọ.

Láàárín aago mẹ́fà àti mẹ́jọ, àwọn alágbára ayé dáhùn. Boris Johnson, olórí ìjọba Bìrìtìkó nígbà náà, wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní òun máa ti dúkìá báǹkì VTB ti Rọ́ṣíà pa, ọkọ̀ òfuurufú Aeroflot kò sì gbọdọ̀ balẹ̀ sí Bìrìtìkó mọ́. Ní Washington, Joe Biden, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, dárúkọ àwọn báǹkì Rọ́ṣíà tí òun máa fìyà jẹ. Ó ní Amẹ́ríkà máa dí ọ̀nà ẹ̀rọ ìgbàlódé tó ń lọ sí Rọ́ṣíà. Wọ́n á fi ọmọ ogun 7,000 kún àwọn tó wà ní Yúróòpù, Jámánì ni wọ́n ń lọ, wọn kò ní jà ní Ukréìn. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé àwọn ṣètò ìjìyà náà ní àkànṣe kí owó epo àti gáàsì lè máa kọjá.

Rọ́ṣíà ló gbé ogun lọ bá aládùúgbò rẹ̀. Ẹ̀bi náà kò ní alábàápín, àwọn alágbára yìí kò sì fi òfin de àlìkámà. Ṣùgbọ́n mo ti ka ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ yẹn léraléra, ohun kan náà ló ń dun mí. Gáàsì rí ẹni tó gbẹnu sọ fún un nínú yàrá yẹn. Búrẹ́dì kò rí.

Aago mẹ́jọ alẹ́. Àwọn olórí orílẹ̀-èdè 27 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù jókòó ní Brussels. Volodymyr Zelensky, ààrẹ Ukréìn, bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Ìròyìn tó jáde ni pé ó sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe kí èyí jẹ́ ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n máa rí òun láàyè. Wọ́n fọwọ́ sí ìjìyà lórí owó, ọkọ̀, agbára, ọjà àti físà. Ọ̀rọ̀ yíyọ báǹkì Rọ́ṣíà kúrò lórí SWIFT, ètò tí àwọn báǹkì àgbáyé fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ owó, wọ́n fi í sílẹ̀ lálẹ́ náà. Macky Sall àti Moussa Faki, lórúkọ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, fi ìwé jáde pé kí Rọ́ṣíà bọ̀wọ̀ fún òfin àgbáyé, kí ìjà dúró.

Aago 10:40 alẹ́. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Aládùúgbò ti àárọ̀ ni. Ó wọ bàtà méjì tí kò bára mu. Ó na fóònù.

“Ó ti di méjì.”

Èsì wà nísàlẹ̀ rẹ̀: “Mọ́mì, a wà nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. A pọ̀. Bátìrì mi ń tán lọ.”

Àwọn méjèèjì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò ìyá mi wọlé, ó mú búrẹ́dì kan tó kù jáde, ó fi lé e lọ́wọ́. Obìnrin náà tú àpò owó rẹ̀. Àbúrò ìyá mi ní kí ó tì í padà.

Ọ̀gànjọ́ ti kọjá ní Kyiv. Zelensky tún sọ̀rọ̀. Ó ní èèyàn 137 ti kú láàárín ọjọ́ kan. Ọkùnrin tó wà láàárín ọdún 18 sí 60 kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè náà.

Aago mẹ́ta òru ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ọjọ́ Ẹtì. Fóònù tún wà lára ògiri. Ó gé fúláwà, ó gbé e lé òṣùwọ̀n. Abẹ́rẹ́ gbọ̀n, ó dúró sórí ìlà. Ó jù ú sínú agolo.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, ọkọ̀ òfuurufú àkọ́kọ́ tó kó àwọn ọmọ Nàìjíríà láti Rùmáníà balẹ̀ sí Àbújá. Ọmọ aládùúgbò kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ló dé, pẹ̀lú àpò kan. Nínú oṣù yẹn náà ni àbúrò ìyá mi fi kẹrosíìnì nu ìlà pupa, ó fa òmíràn sí 650. Ní oṣù Keje, ó nu ìyẹn náà, ó fà á sí 600. Owó tí àwọn oníbàárà lè san kò yí padà, ló sọ fún mi, ohun tó wà lọ́wọ́ òun láti yí padà kò ju ìlà lọ.

Agolo kan náà ni ó ń lò. Mo dúró tì í láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí wọ́n fà á jáde nínú ààrò. Orí búrẹ́dì pọ́n dáadáa. Kò dé etí agolo.