Ẹ̀sìn Híńdù: Íńdíà Tí Wọ́n Tà Fún Wa àti Èyí Tó Ń Bá Wa Gbé

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wo Zee World. A ti rí ọkọ àti ìyàwó tí wọ́n ń yí iná po níbi ìgbéyàwó. A ti rí àtíkè pupa tí ọkọ fi sí àárín irun ìyàwó rẹ̀, a sì ti rí ìyá ọkọ tó ń yí fìtílà níwájú ère. A tiẹ̀ máa ń bá wọn sunkún. Àmọ́ ẹ sọ fún ẹnì kan ní Ọ̀fà pé ẹlẹ́sìn Híńdù ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí àdúgbò, ẹ ó gbọ́ èsì: "Ha! Àwọn olóògùn ejò yẹn?"

Ta ló sọ fún wa pé oògùn lẹ̀sìn wọn? Mo tọpa ọ̀rọ̀ náà lọ sẹ́yìn, ibi tó sì kọ́kọ́ gbé mi dé kì í ṣe Íńdíà. Chicago ni, l'Amẹ́ríkà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ L. W. de Laurence. Ìwé, òrùka àti oríṣiríṣi ǹkan àwúre ló ń tà, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ gba ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó gbé ìwé ńlá kan jáde tó pè ní ìwé idán àwọn Híńdù. Ọjà rẹ̀ dé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó sì dé Jàmáíkà débi tí ìjọba ibẹ̀ fi gbẹ́sẹ̀ lé àwọn ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá fowó ránṣẹ́ rò pé agbára Íńdíà lòun ń rà. Chicago ló rà.

Ejò ńkọ́? Ìyẹn tún yani lẹ́nu ju ti ìwé lọ. Ní àwọn ọdún 1880, ilé ìtẹ̀wé Friedländer ní Hamburg, lórílẹ̀-èdè Jámánì, tẹ àwòrán obìnrin kan tó ń fi ejò ṣeré fáwọn òǹwòran. Irun rẹ̀ gùn, ejò sì lọ́ mọ́ ọn lára. Àwòrán yẹn dé etíkun wa, àwọn èèyàn wò ó, wọ́n ní Mámì Wọ́tà rèé. Nígbà tó di 1955, ilé iṣẹ́ kàlẹ́ńdà kan ní Bombay tún un tẹ̀, wọ́n sì kó 12,000 ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn oníṣòwò ní Kumasi. Ẹ ò rí nǹkan! Àwòrán Jámánì ló gba Íńdíà kọjá wá sí Gánà, tó sì wá di "ẹ̀mí Íńdíà" lójú wa.

Àwọn kàlẹ́ńdà òrìṣà Híńdù gan-an náà wọ ọjà. Ní Tógò àti orílẹ̀-èdè Benin, àwọn olùsìn Mámì Wọ́tà rà wọ́n sójúbọ. Dattatreya, òrìṣà Híńdù tó ní orí mẹ́ta, làwọn Ewe pè ní Densu, òrìṣà omi tiwọn. Èmi ò rò pé àwòkọ lásán ni. Wọ́n rí òrìṣà tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú àwòrán ẹlòmíì ni.

Ṣùgbọ́n ní gbogbo àsìkò yẹn, àwọn Híńdù tòótọ́ wà láàárín wa, wọ́n ń ta ọjà. Ilé iṣẹ́ Chellarams ṣí l'Ékòó ní 1923. Ọmọ Sindh ni wọ́n, àgbègbè odò Sindhu. Orúkọ odò yẹn náà ni àwọn ará Páṣíà ń fi "h" pè, tó fi di "Hindu". Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì pín Íńdíà sí méjì ní 1947, ọ̀dọ̀ Pakistan ni Sindh bọ́ sí. Ọ̀pọ̀ Híńdù ibẹ̀ sá fi ilé baba wọn sílẹ̀, àwọn kan sì wá bá ẹbí wọn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Irú àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀ a máa fi àwòrán Lakshmi, òrìṣà ọrọ̀, sí ṣọ́ọ̀bù, wọn a sì tan tùràrí síwájú rẹ̀. Àwa gbóòórùn tùràrí, a ní wọ́n ń lo nǹkan. Àwa tí òyìnbó pe òrìṣà wa ní "juju" la tún ń pe ti ẹlòmíì bẹ́ẹ̀.

Puja ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń gba òrìṣà lálejò ni: wọ́n á fún un ní omi, òdòdó, iná àti oúnjẹ, wọ́n á sì gbàdúrà. Ẹ̀sìn yìí kò ní olùdásílẹ̀ kan ṣoṣo. Veda ló pẹ́ jù nínú àwọn ìwé mímọ́ rẹ̀, àwọn fúnra wọn sì máa ń pè é ní Sanatana Dharma, ọ̀nà ayérayé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé Ẹnìkan ló wà, Brahman, tí ojú ò lè rí, pé ojú rẹ̀ oríṣiríṣi ni Vishnu, Shiva àti Ìyá Òrìṣà. Ẹni tó mọ Olódùmarè àti òrìṣà ò ní ṣòro ṣàlàyé fún.

Àmọ́ ẹ má tíì sọ pé ọ̀kan náà ni wá. Àwa náà gbà pé èèyàn ń padà wá sáyé, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé. Ayọ̀ ni fún wa: bàbá padà sílé, sínú ẹbí rẹ̀. Ní ti Híńdù, ẹrù ni. Ìwà tí o hù, èyí tí wọ́n ń pè ní karma, ló ń pinnu ibi tí wọ́n á tún bí ọ sí. Ó lè jẹ́ ilé àjèjì, ó sì lè jẹ́ ara ẹranko. Ohun tí wọ́n ń wá ni moksha, kí àtúnbí yẹn dópin pátápátá. Ẹ fojú inú wò ó bí wọ́n bá ní kí Babátúndé gbàdúrà pé kóun má padà wá mọ́!

Ẹ̀sìn náà ní àléébù tirẹ̀ o. Wọ́n bí àwọn kan sípò tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ fara kàn wọ́n. Òfin Íńdíà ti 1950 fòpin sí i lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìyà náà ò tíì tán.

Ẹnì kan wà nítòsí wa tó lọ wo òótọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n bí Swami Ghanananda Saraswati ní 1937 ní Senya Beraku, létí òkun Gánà. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Rishikesh, létí odò Ganges, ó padà sílé, ó sì dá ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Híńdù sílẹ̀ ní Accra ní 1975. Ọmọ Gánà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jọ́sìn níbẹ̀. Ó kú ní January 2016.

Ẹlòmíì á béèrè pé Máháràjì tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ńkọ́? Ọ̀rọ̀ Íńdíà ni orúkọ náà: olùkọ́ òtítọ́ ni "satguru", ọba ńlá ni "maharaj", "ji" sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, bí "ẹ" tiwa. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tirẹ̀ dá dúró.

Láàárín October sí November ni Diwali, àjọ̀dún ìmọ́lẹ̀, máa ń bọ́ sí. Tí aládùúgbò yín bá gbé àwo nǹkan dídùn wá lásìkò yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ prasad, oúnjẹ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú òrìṣà kí wọ́n tó pín in, bíi sàárà. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò bá gbà á láyè lè dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kò sóògùn kankan nínú rẹ̀. Mílíìkì àti ṣúgà ló sábà máa ń wà níbẹ̀.